Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́: Pápá Bàálù Ológun Tó Tún Di Ibi Ìjẹko Màlúù

Reading, Berkshire,
Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.
Ọjọ́ 16, oṣù Ọ̀wàrà.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti ń fún wọn ní ìsinmi díẹ̀? Bá mi kí wọn, kí o sì sọ fún wọn pé oògùn ìpara tí wọ́n ní kí n rà ti wà nínú àpótí, ẹni tó bá kọ́kọ́ ń bọ̀ nílé ni màá fi rán. Àwa náà dúpẹ́ níbí. Òtútù ti ń yọjú, ilẹ̀ ń tètè ṣú, ṣùgbọ́n ara le, iṣẹ́ ń lọ, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

O bi mí nípa fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp. O ní ta ló lọ da kọnkéré sáàrin pápá fún màlúù láti dúró lé. Ìdáhùn rẹ̀ gùn ju ohun tí èèyàn lè sọ lórí fóònù lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n jókòó kí n kọ ọ́ fún ọ. Ìwọ tí o ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ìtàn l'Ábẹ́òkúta, mo mọ̀ pé o máa rí nǹkan mú níbẹ̀ fún wọn.

Greenham Common ni ibẹ̀ ń jẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ìlú Newbury ló wà, kò jìnnà sí wa rárá. Pápá bàálù àwọn ológun ni fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Bàálù tó gbé àwọn ọmọ ogun lọ já sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé gbéra níbẹ̀. Ohun ìjà núkílíà tó lè pa odidi ìlú rẹ́ wà níbẹ̀ rí. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ gba atẹ́gùn kàn máa ń mú ajá rẹ̀ lọ rìn níbẹ̀ ni, màlúù ń jẹko, ọmọdé ń gun kẹ̀kẹ́. Mo fẹ́ kí o mọ bí ó ṣe rìn ín títí tó fi débẹ̀, nítorí kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn ló jà fún un.

Kí ogun tó dé, ilẹ̀ àjùmọ̀lò ni. Ilẹ̀ náà ní olówó tirẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ láti ayébáyé: ẹ̀tọ́ láti da ẹran jẹ̀, ẹ̀tọ́ láti ṣẹ́gi ìdáná, ẹ̀tọ́ láti kó òkúta wẹ́wẹ́. Ẹ̀tọ́ náà so mọ́ ilé tàbí oko tí èèyàn ní nítòsí ibẹ̀. Ẹni tó bá jogún ilé ti jogún ẹ̀tọ́, òfin sì mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Jọ̀ọ́, fi ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ yìí sọ́kàn, a óò tún padà bá a níwájú.

Ogun Hítílà ló sọ ibẹ̀ di pápá ológun. Ní 1941, ìjọba fi agbára òfin gba ilẹ̀ náà. Nígbà tó fi máa di 1942, bàálù ti ń gbéra níbẹ̀. Ilẹ̀ náà ga ju àfonífojì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, irú ilẹ̀ tí bàálù ń wá gan-an. Kò pẹ́ tí wọ́n fi fà á lé àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lọ́wọ́. Ní Crookham Common tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń to àwọn bàálù aláìlẹ́ńjìnnì. Inú àpótí ràgàjì ni wọ́n ń kó ẹ̀yà ara wọn wá láti Amẹ́ríkà, àwọn sójà á wá máa tò ó pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàálù tó ní ẹ́ńjìnnì ló ń fi okùn wọ́ wọn lójú ọ̀run. Tí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n á tú okùn náà, wọ́n á sì balẹ̀ sínú oko olóko, pẹ̀lú sójà, ìbọn àti mọ́tò jíìpù nínú wọn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 5 oṣù Okúdù 1944 ni àwọn òpìtàn máa ń sọ jù nípa ibẹ̀. Ọjọ́ kejì ni ìkọlù ńlá Normandy ní ilẹ̀ Faransé. Eisenhower, ọ̀gá pátápátá fún gbogbo ọmọ ogun alájọṣe, wọ mọ́tò wá sí Greenham láti wá rí àwọn ọmọ ogun ẹ̀ka 101st Airborne, àwọn tó máa fi páráṣúùtù já sílẹ̀ lóru, sí ẹ̀yìn àwọn ọmọ ogun Jámánì. Leigh-Mallory tó jẹ́ olórí àwọn ọmọ ogun òfuurufú fún ìkọlù náà ti kìlọ̀ fún un pé àdánù rẹ̀ máa pọ̀ jù, pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní padà wá. Eisenhower gbọ́, ó rò ó síwá sẹ́yìn, ó sì ní kí wọ́n máa lọ. Ẹni tó bá rán ọmọ ọlọ́mọ ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè jókòó sílé. Ó wá síbẹ̀, ó sì ń rìn láàrin wọn, ó ń bi wọ́n ní orúkọ àti ibi tí wọ́n ti wá.

Fọ́tò tí wọ́n yà lọ́jọ́ náà kò sí ibi tí kò dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dúró níwájú ọ̀gágun náà, Wallace Strobel lorúkọ rẹ̀. Ó ti fi nǹkan dúdú kun ojú kí àwọn ọ̀tá má baà rí i lóru. Páálí kan wà lọ́rùn rẹ̀ tí wọ́n kọ 23 sí, nọ́ńbà bàálù tó máa wọ̀ nìyẹn. Ọjọ́ náà gan-an ló pé ọmọ ọdún 22. Eisenhower bi í pé ìpínlẹ̀ wo ló ti wá, ó ní Michigan, ni ọ̀gágun bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ nípa ẹja pípa ní Michigan. Àbẹ̀kẹ́, ro ó wò: wákàtí díẹ̀ péré ló kù kí ọmọ náà já sínú òkùnkùn, ẹja ni ọ̀gá rẹ̀ ń bá a sọ. Mo gbà pé ìfẹ́ ló fà á. Kí aago mọ́kànlá alẹ́ tó lù, bàálù C-47 ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra níkọ̀ọ̀kan. Eisenhower kò kúrò níbẹ̀, ó dúró ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé pélébé kan pamọ́ sínú àpò, pé bí ìkọlù náà bá kùnà, kí ẹnikẹ́ni má dá àwọn ọmọ ogun lẹ́bi, òun nìkan ni kí wọ́n di ẹ̀bi rù. Strobel padà sílé lẹ́yìn ogun. Ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ kò padà.

Ikú kò sì dúró de ojú ogun nìkan. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún yẹn kan náà, bàálù aláìlẹ́ńjìnnì kan já lulẹ̀ nígbà tó ń gbéra ní Greenham, ó sì pa àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó lé ní ọgbọ̀n. Òkúta ìrántí wọn wà níbẹ̀ títí dòní. Mo sọ èyí fún ọ kí o lè mọ̀ pé bí mo ṣe ń yin àwọn tó gba ilẹ̀ náà padà, n kò gàn àwọn tó kú lórí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ èèyàn ni.

Ogun parí, pápá dákẹ́. Àwọn ará ibẹ̀ rò pé ilẹ̀ àwọn ti padà sọ́wọ́ àwọn nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìfigagbága Amẹ́ríkà àti Sófíẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀. Ní 1951 ìjọba tún fẹ́ gba ilẹ̀ náà kí ẹ̀ka ológun Amẹ́ríkà tó ń mójú tó bàálù ajubọ́ǹbù lè lò ó. Àwọn ará Newbury fi ẹ̀hónú hàn, ìjọba kò gbọ́. Wọ́n wó ilé tó wà ní ojú ọ̀nà bàálù, wọ́n sì da kọnkéré tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 10,000, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà bàálù tó gùn jù ní Yúróòpù ni nígbà náà. Bàálù B-47, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ mẹ́fà, ló ń bà lé e.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Èrèlé 1958, bàálù B-47 kan gbéra, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yọnu, ó sì di dandan kí ó ju táǹkì epo abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ kó lè fúyẹ́. Táǹkì kan balẹ̀ sí ẹ̀bá bàálù mìíràn tó dúró jẹ́ẹ́, ìkejì bà lé ilé tí wọ́n ń kó bàálù sí. Iná sọ. Wákàtí 16 ni iná náà fi jó. Èèyàn méjì kú, mẹ́jọ fara pa. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, ní 1964, àwọn ajubọ́ǹbù náà kẹ́rù wọn lọ, pápá tún dá páropáro.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní àsìkò tí pápá dá páropáro yìí tó kan Áfíríkà. Ní 1972, nígbà tí Idi Amin, olórí Uganda nígbà náà, ní kí àwọn ará Éṣíà tó wà níbẹ̀ kó jáde láàrin 90 ọjọ́, àwọn tó lé ní 27,000 nínú wọn wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba ṣí àwọn bárékè ológun sílẹ̀ láti fi wọ́n wọ̀ sí, Greenham sì wà lára wọn. Mo máa ń ronú nípa ìyá tó ti Kampala dé sínú bárékè tó dá páropáro, tí òtútù oṣù Ọ̀wàrà ń fẹ́ sí i lára, tí ọmọ ń di aṣọ rẹ̀ mú. Ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn tí ń lọ sógun ló gba àwọn tí wọ́n lé kúrò nílé wọn. Ìlò tó dára jù nìyẹn nínú gbogbo ohun tí ìjọba fi ibẹ̀ ṣe.

Wàyí o, a dé ibi tó gbóná. Ní 1980, ìjọba kéde pé mísáìlì tí wọ́n ń pè ní Cruise ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà, pé 96 nínú rẹ̀ máa wà ní Greenham, 64 ní pápá ológun Molesworth. Mísáìlì yìí kò nílò ọ̀nà bàálù. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹrù ńlá ló wà. Tí ọ̀rọ̀ bá di ogun, ọkọ̀ náà á gbé e jáde lọ sínú igbó, ibẹ̀ ni wọ́n á ti yìn ín. Ó ń fò nílẹ̀ nílẹ̀ kí rédà má baà rí i, ó sì lè rìn tó kìlómítà 2,500. Ohun ìjà núkílíà ló gbé sórí. Wọ́n kọ́ ilé mẹ́fà fún un ní ìkángun pápá náà, wọ́n fi kọnkéré àti irin ṣe é, wọ́n wá kó erùpẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ títí ó fi dà bí òkè.

Ní oṣù Ògún 1981, àwọn obìnrin 36 láti Wales, pẹ̀lú àwọn ọkùnrin díẹ̀ àti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, fi ẹsẹ̀ rìn láti Cardiff lọ sí Greenham, ìrìn tó lé ní 100 máìlì. Ann Pettitt, ìyá ọlọ́mọ tó ń gbé lábúlé ní Wales, wà lára àwọn tó ṣètò rẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ kò ju pé kí ìjọba jẹ́ kí gbogbo ìlú jíròrò lórí mísáìlì náà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ní ọjọ́ 5 oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ni wọ́n dé, àwọn kan nínú wọn sì fi ẹ̀wọ̀n so ara wọn mọ́ ọgbà wáyà. Ìjọba kò dá wọn lóhùn. Wọ́n ní, ó dáa, a ò lọ mọ́. Bí àgọ́ àwọn obìnrin Greenham ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ọdún 19 ló sì fi wà níbẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń gbé fún ọ. Wọ́n á ṣẹ́ ẹ̀ka igi tútù, wọ́n á ki orí rẹ̀ méjèèjì bọ ilẹ̀ kó lè tẹ̀ kọdọrọ, wọ́n á to ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ mélòó kan jọ, wọ́n á fi ọ̀rá bò ó. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, nínú òjò, nínú yìnyín. Ààrò iná igi wà níta, ìkòkò tíì kì í kúrò lórí rẹ̀. Ẹnubodè kọ̀ọ̀kan tó wọ inú pápá ni wọ́n sọ ní orúkọ àwọ̀: ti ìyẹ́lò, ti búlúù, ti gírínì, ti ọsàn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí kóòtù rán wá á dé ní òwúrọ̀ kùtù, wọ́n á kó ọ̀rá, bùláńkẹ́ẹ̀tì àti oúnjẹ sínú ọkọ̀ tí ń rún pàǹtí. Kí wọ́n tó yíjú padà, àwọn obìnrin ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹ̀ka mìíràn. Kì í ṣe gbogbo ará Newbury ló fẹ́ràn wọn o. Àwọn ilé ọtí kan kò jẹ́ kí wọ́n wọlé, àwọn kan sì ń bú wọn lójú títì. Àwọn mìíràn ń jẹ́ kí wọ́n wẹ̀ nílé wọn, wọ́n sì ń gbé ọbẹ̀ gbígbóná lọ bá wọn.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Ọ̀pẹ 1982, wọ́n pe àwọn obìnrin kí wọ́n wá yí gbogbo pápá náà ká. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà. Lẹ́tà ni wọ́n kọ, wọ́n ní kí ẹni tó bá gbà á dà á kọ, kí ó fi ránṣẹ́ sí obìnrin mẹ́wàá mìíràn. Nǹkan bíi 30,000 ló dé! Ọgbà wáyà náà gùn tó máìlì mẹ́sàn-án, wọ́n sì di ọwọ́ ara wọn mú yí i ká pátá. Wọ́n fi aṣọ ọmọ tuntun, fọ́tò àwọn ọmọ wọn àti ohun ìṣeré ọmọdé kọ́ ara wáyà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní í jẹ́ jànmáà, lóòótọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní ọdún 1983, àwọn 44 nínú wọn fi àkàsọ̀ gun wáyà náà kọjá, wọ́n gun orí àwọn ilé mísáìlì tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n ń jó yípo níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ọlọ́pàá kó wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣẹ̀wọ̀n.

Síbẹ̀, mísáìlì dé ní oṣù Bélú 1983. Nígbàkigbà tí ọkọ̀ bá gbé e jáde lóru fún ìdánrawò lọ sí Salisbury Plain, àwọn èèyàn á ti máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn, wọ́n á pe ara wọn lórí fóònù láti abúlé dé abúlé, débi pé ohun tí ìjọba fẹ́ kó jẹ́ àṣírí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù Ògún 1989, ọmọbìnrin ọmọ Wales kan, Helen Thomas, tó jẹ́ ọmọ ọdún 22, kú nígbà tí ọkọ̀ tí ọlọ́pàá fi ń gbé ẹṣin kọlù ú lẹ́nu ọ̀nà àgọ́. Kí Ọlọ́run fún un ní ìsinmi.

Àbẹ̀kẹ́, ìwọ tí o ń gbé l'Ábẹ́òkúta, mo mọ ibi tí ọkàn rẹ ti lọ. Àwọn ìyá Ẹ̀gbá tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó jọ ní 1947, tí wọ́n jókòó síwájú ààfin tọ̀sán-tòru nítorí owó orí, tí wọ́n ń kọrin títí ọ̀rọ̀ fi yí padà, èmi náà rántí wọn. Bí o bá máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn yìí, fi méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Wọ́n á rí i pé obìnrin tó bá lè jókòó síbì kan láìdìde lágbára ju bí àwọn aláṣẹ ṣe rò lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ tí mo ní kí o fi sọ́kàn ti wọlé nìyí. Ní 1985, mínísítà ètò ààbò ṣe òfin kan fún pápá náà pé ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ láìgbàṣẹ ti di arúfin. Wọ́n fi òfin yìí mú obìnrin lọ́pọ̀lọpọ̀. Méjì nínú wọn, Jean Hutchinson àti Georgina Smith, kọ̀ láti gbà. Wọ́n ní òfin 1892 tí mínísítà gbé ara lé láti ṣe tirẹ̀ sọ ọ́ kedere pé irú òfin bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ pa ẹ̀tọ́ tí àwọn ará àdúgbò ní lórí ilẹ̀ àjùmọ̀lò lára. Ẹ̀tọ́ ìdaran yẹn ṣì wà láàyè lábẹ́ kọnkéré, ẹnikẹ́ni kò tíì fagi lé e nígbà náà. Kì í ṣe pé àwọn obìnrin náà ní màlúù. Ẹ̀tọ́ àwọn ará àdúgbò ni wọ́n fi gbèjà ara wọn. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù nígbà náà, Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù, ní oṣù Agẹmọ 1990 ni wọ́n sì dá a: òfin mínísítà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àwọn obìnrin jàre.

Mo ti ka ìdájọ́ yẹn lákàtúnkà, ó ṣì ń dùn mọ́ mi nínú. Mísáìlì 96, ọgbà wáyà, sójà orílẹ̀-èdè méjì, gbogbo rẹ̀ kò lè pa ẹ̀tọ́ ẹni tó fẹ́ da màlúù rẹ̀ jẹ̀ rẹ́. Bí àyálégbé ni àwọn ológun rí lórí ilẹ̀ yẹn, bó ti wù kí kọnkéré wọn nípọn tó.

Nígbà tí ìdájọ́ fi máa dé, mísáìlì náà ti ń palẹ̀ mọ́. Reagan, olórí Amẹ́ríkà, àti Gorbachev, olórí Sófíẹ́ẹ̀tì, fọwọ́ sí àdéhùn ní ọjọ́ 8 oṣù Ọ̀pẹ 1987 pé àwọn á pa irú rẹ̀ run pátápátá, ní ìhà méjèèjì. Àwọn ọmọ Sófíẹ́ẹ̀tì fúnra wọn wá sí Greenham láti wá fi ojú ara wọn rí i. Mísáìlì tó kẹ́yìn lọ ní oṣù Ẹrẹ́nà 1991, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà sì tẹ̀ lé e ní 1992. Títí dòní ni àwọn èèyàn ń jiyàn bóyá àwọn obìnrin ló lé mísáìlì tàbí àwọn olórí méjèèjì. Èrò tèmi ni pé àwọn olórí fọwọ́ sí ìwé, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn kí àwọn olórí tó dé ìdí rẹ̀.

Ní 1997, àjọ kan tí àwọn ará àdúgbò dá sílẹ̀ ra pápá náà, ilẹ̀ gbalasa rẹ̀ ni káńsù sì gbà ní pọ́n-ùn kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ni, £1! Wọ́n fọ́ ọ̀nà bàálù yẹn, wọ́n sì lò lára òkúta rẹ̀ láti fi ṣe ọ̀nà mọ́tò tuntun tó yí Newbury ká. Ní oṣù Igbe 2000, ìlú wọlé padà sórí ilẹ̀ wọn. Oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún yẹn ni àwọn obìnrin tó kẹ́yìn tú àgọ́ wọn ká. Ní 2002, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ṣe òfin tó dá ẹ̀tọ́ ìdaran padà fún àwọn tó ni ín.

Bí o bá dé ibẹ̀ lónìí, kọnkéré díẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ ní àárín pápá ni màlúù inú fọ́tò yẹn dúró lé. Òkúta wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ kọnkéré kò jẹ́ kí koríko ga jù, ìyẹn ni ẹyẹ lapwing ṣe fẹ́ràn ibẹ̀, ilẹ̀ ló ń yé sí. Tí ìgbà ìyé bá tó, wọ́n á ní kí oníkálukú so ajá rẹ̀ mọ́ okùn. Igi gorse ẹlẹ́gùn-ún ń tan òdòdó ìyẹ́lò káàkiri, òórùn rẹ̀ sì dà bí ti àgbọn. Egungun bàálù irin kan tí àwọn panápaná fi ń kọ́ṣẹ́ wà níbẹ̀, ó ti dípẹtà, ó pọ́n bí epo. Ilé gíga tí wọ́n ti ń darí bàálù ti di ibi tí àlejò ti ń mu tíì tí wọ́n sì ń ka ìtàn ibẹ̀ lára ògiri. Àwọn òkè mẹ́fà tó jẹ́ ilé mísáìlì ṣì wà lẹ́yìn wáyà, ìjọba ti kà wọ́n mọ́ ohun àjogúnbá tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó, wọ́n tilẹ̀ ya fíìmù Star Wars kan níbẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà tí àgọ́ àkọ́kọ́ wà, wọ́n to òkúta láti Wales yípo fún ìrántí àwọn obìnrin, àti ọgbà kékeré fún Helen Thomas.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ ni èyí, Àbẹ̀kẹ́. Bí o bá ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ ní ìtàn ogun, má jẹ́ kó parí sí orúkọ ọ̀gágun àti ọjọ́ ìjà nìkan. Bi wọ́n pé: ta ló ni ilẹ̀ tí wọ́n ti jà? Ta ló ń dáko níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ṣé wọ́n dá a padà? Jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìwé ẹ̀tọ́ tí wọ́n fi pamọ́ sínú àpótí ìyá àgbà lè tó ohun ìjà nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, àti pé èèyàn lásán, tí kò ní ìbọn, tí kò ní ipò, lè jókòó ti ọ̀rọ̀ kan títí yóò fi yanjú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn.

Nígbà tí o bá wá kí wa, a jọ máa lọ síbẹ̀. Mú bàtà tó ṣe é rìn dáadáa wá, kí o sì mú ẹ̀wù òtútù, atẹ́gùn ibẹ̀ kò mọ àlejò. Kọ̀wé sí mi kí o sọ ohun tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ bá sọ nípa ìdájọ́ 1990 yẹn, mo fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gan-an. Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, bá mi kí Màmá, bá mi fọwọ́ kan orí àwọn ọmọ fún mi. Ó dìgbà kan ná.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ àtàtà,
Àjọkẹ́